Àwọn ọmọ ò wo fídíò, próójẹ́ẹ̀tì mi ńkọ́?

Ìbéèrè tó wọlé rèé: "Ẹ kú iṣẹ́ o sà. Tíṣà ìṣirò ni mí ní sẹ́kọ́ńdìrì, mo sì ń ka másítàs nínú ìmọ̀ ẹ̀kọ́, òpin ọ̀sẹ̀ la máa ń lọ. Flipped classroom ni mo fẹ́ fi ṣe próójẹ́ẹ̀tì mi: àwọn ọmọ á wo fídíò ẹ̀kọ́ nílé, tá a bá dé kíláàsì a ó wá máa ṣiṣẹ́. Kíláàsì méjì ni mo ní, mò ń ṣe flip fún ọ̀kan, mò ń kọ́ èkejì bí mo ṣe ń kọ́ wọn tẹ́lẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kẹta ti kọjá, nǹkan bí ìdajì wọn ni kì í wo fídíò. Òmíràn á ní òun ò ní dátà, òmíràn á kàn máa wò mí. Fídíò kan máa ń tó ìṣẹ́jú 25, òru ni mo máa ń ṣe é, asáínmẹ́ǹtì tèmi gan-an ti ń pẹ́. Ọmọ kan lọ sọ fún ìyá ẹ̀ pé mi ò kọ́ wọn mọ́. Sùpáfáísọ̀ mi ní kí n ṣáà fi hàn pé ó dáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣé kí n pa á tì kí n wá tọ́píìkì míì ni, àbí kí n fara dà á?"

Ẹ kú làálàá o, tíṣà wa. Kéèyàn kọ́ni lójúmọ́, kó jókòó bí akẹ́kọ̀ọ́ lópin ọ̀sẹ̀, kó tún máa ṣe fídíò lóru, ẹni tí ò ṣe é rí ló máa sọ pé kò le. Bí mo ṣe ka ohun tẹ́ ẹ kọ, nǹkan mẹ́ta lẹ dì pọ̀ sójú kan: torí àwọn ọmọ ò wo fídíò, ẹ ní flip ti kùnà, torí flip kùnà, ẹ ní próójẹ́ẹ̀tì ti bàjẹ́, ó wá di pé kẹ́ ẹ tún lọ bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Èmi ò rí i bẹ́ẹ̀ o. Ọmọ lè má wo fídíò kí kíláàsì ọjọ́ yẹn ṣì dùn, flip náà lè má ṣiṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kí próójẹ́ẹ̀tì ṣì yọrí, àní nínú àwọn próójẹ́ẹ̀tì tíṣà tí mo ti kà, ibi tí nǹkan ò ti lọ bí wọ́n ṣe rò ni orí tó dùn ún kà jù máa ń wà. Kí n kúkú sọ ibi tí mo dúró sí báyìí ká tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ: ẹ má pa á tì, àmọ́ ẹ má fara da bó ṣe wà yìí náà. Ẹ gé e kù.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ fídíò yìí ná. Ọ̀pọ̀ tíṣà ló gbà pé fídíò ni flipped classroom, mo sì mọ ibi tó ti wá, torí àwọn tí orúkọ wọn máa ń kọ́kọ́ jáde ni Jonathan Bergmann àti Aaron Sams, tíṣà kẹ́mísírì méjì ní Woodland Park ní ìpínlẹ̀ Colorado ní Amẹ́ríkà. Ní 2007 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ká ẹ̀kọ́ wọn sílẹ̀ torí àwọn ọmọ tí ò ráyè wá sí kíláàsì, nígbà tó yá wọ́n wá rò ó pé tí àlàyé bá ti wà nílẹ̀ tí kálukú lè wò ó nígbà tó bá fẹ́, kí làwọn tún ń dúró síwájú pátákó sọ ọ́ fún. Àmọ́ Eric Mazur tó ń kọ́ físíìsì ní Harvard ti ń ṣe irú ẹ̀ láti 1991, ìwé ló ní káwọn akẹ́kọ̀ọ́ kà kí wọ́n tó wọlé. Ní 2000, àwọn olùkọ́ ọrọ̀ ajé mẹ́ta, Lage, Platt àti Treglia, ní yunifásítì Miami tó wà ní Ohio, kọ̀wé nípa kíláàsì tiwọn, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti lè yàn bóyá ìwé lòun máa kà ni àbí téèpù lòun máa wò. Ohun tí gbogbo wọn jọ ṣe ni pé wọ́n gba àkókò tí tíṣà àti ọmọ fi wà lójú kan náà kúrò lọ́wọ́ àlàyé, wọ́n gbé e fún iṣẹ́. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nínú gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ, ohun tí mo wá tí mi ò rí ni ohun táwọn ọmọ ń ṣe ní kíláàsì. Àwọn ìdajì tó wo fídíò yẹn, tí wọ́n bá wọlé, kí lẹ máa ń gbé lé wọn lọ́wọ́? Tó bá jẹ́ pé ojú ìwé kan nínú téèsìbúùkù ni, kí wọ́n ṣe nọ́ńbà kìíní dé ìkẹwàá kí wọ́n dákẹ́, a jẹ́ pé iṣẹ́ ilé la gbé wá sí kíláàsì tá a sì gbé àlàyé lọ sílé, kò tíì sí nǹkan tó yí.

Ẹ jẹ́ ká mú ìṣirò ìdá, torí ẹ ò sọ èyí tẹ́ ẹ ń kọ́ lọ́wọ́. Ẹ kọ ọ́ sójú pátákó: èwo ló tóbi jù, 3/8 àbí 2/5? Kẹ́nikẹ́ni má sọ̀rọ̀, kí kálukú kọ tiẹ̀ sórí bébà kó gbé e sókè. Àwọn kan á mú 3/8, torí 3 ju 2 lọ, 8 náà ju 5 lọ, ọ̀rọ̀ tán lójú wọn. Àwọn míì á mú 2/5, wọ́n gbà á, inú yín á dùn, àmọ́ ẹ bi wọ́n bí wọ́n ṣe mọ̀, ẹ máa gbọ́ pé "nọ́ńbà ìsàlẹ̀ ẹ̀ ló kéré, tí nọ́ńbà ìsàlẹ̀ bá ti kéré, òun ló tóbi." Ìdáhùn tọ̀nà, ìdí ẹ̀ ò tọ̀nà. Ẹ má sọ fún wọn o, ẹ kàn kọ ìkejì sábẹ́ ẹ̀: 3/5 àbí 7/8? Ọmọ tó ń tẹ̀ lé òfin nọ́ńbà ìsàlẹ̀ yẹn á tún gbé 3/5 sókè, ẹni tó jókòó tì í á ní "àmọ́ 7/8 kù díẹ̀ kó pé odindi kan, báwo ló ṣe máa kéré sí ìyẹn?", ariwo á sọ. Ariwo yẹn gan-an là ń wá. Mazur ní òdiwọ̀n kan tí mo fẹ́ràn: tí àwọn tó gbà á bá wà láàárín 30 sí 70 nínú ọgọ́rùn-ún, ní kí wọ́n kọjú síra wọn kí wọ́n jiyàn, kí wọ́n tún dìbò lẹ́ẹ̀kejì. Tí wọn ò bá tó 30, ọ̀rọ̀ náà ò tíì yé wọn débi àríyànjiyàn, ẹ ṣàlàyé. Tí wọ́n bá ju 70 lọ, ẹ máa lọ. Ẹ kíyè sí i pé ọmọ tí ò wo fídíò lè bá wọn dá sí èyí, ìtìjú díẹ̀ á mú un, á sì kọ́ nǹkan.

Àwọn tí kì í wò ó wá ńkọ́? Ìdí ẹ̀ kì í ṣe ẹyọ kan, ẹ má sì jẹ́ ká pè é ní ìmẹ́lẹ́ lápapọ̀. Ọmọ tí ò ní dátà tàbí tó jẹ́ pé fóònù ẹnìkan ló ń tọrọ, ìyẹn ò ṣeé fìyà jẹ, tiẹ̀ ni kẹ́ ẹ fún un ní bébà, ojú ìwé kan péré tó ní àlàyé kan náà, tàbí kẹ́ ẹ ṣe fídíò náà kékeré débi táwọn ọmọ á lè fi ránṣẹ́ síra wọn láti fóònù sí fóònù láì lo dátà rárá. Ọmọ míì wò ó àmọ́ kò mọ ohun tó yẹ kó fi ṣe, ó wò ó bí ẹni ń wo eré. Ẹ̀ka kẹta ló sì pọ̀ jù nínú ìrírí tèmi, àwọn tó ti ṣèṣirò tiwọn pé kò sí ohun tó máa ṣẹlẹ̀ táwọn ò bá wò ó, torí tíṣà á tún un ṣàlàyé. Ṣé ẹ máa ń tún un ṣàlàyé? Ọ̀pọ̀ tíṣà máa ń ṣe é, àánú ló ń mú wọn ṣe é, wọ́n á rí ojú tó ń wò wọ́n ràn-ìn, wọ́n á gbé ṣọ́ọ̀kì, ìṣẹ́jú ogún á lọ síbẹ̀. Àwọn tó wo fídíò jókòó, wọ́n ń gbọ́ ohun tí wọ́n ti gbọ́ lánàá, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ àwọn náà ò ní wò ó mọ́, ẹ ò sì lè bá wọn wí. Torí náà ẹ má tún un sọ. Ẹni tí ò bá wò ó, kó lọ sí igun kan ní kíláàsì kó wò ó tàbí kó ka bébà ẹ̀ níbẹ̀, tó bá parí kó wá bá àwọn yòókù, láìsí èébú, láìsí ìyà. Kẹ́ ẹ sì fi ìbéèrè méjì sí ìparí fídíò, kí wọ́n kọ ìdáhùn ẹ̀ wá lórí bébà kékeré tẹ́ ẹ máa gbà lẹ́nu ọ̀nà, máàkì kékeré ni kẹ́ ẹ fún un, kó ṣáà jẹ́ pé ẹ̀ ń kà á. Bébà yẹn máa wúlò fún yín lọ́nà míì, mò ń bọ̀ níbẹ̀.

Fídíò oníṣẹ́jú 25, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáwọ́ nínú ẹ̀ lónìí. Ní 2014, Philip Guo, Juho Kim àti Rob Rubin yẹ bí àwọn èèyàn ṣe ń wo fídíò ẹ̀kọ́ lórí edX, ìkànnì tí wọ́n ti ń kẹ́kọ̀ọ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, wò, ìwòye tó tó mílíọ̀nù 6.9, wọ́n sì rí i pé bó ti wù kí fídíò gùn tó, àkókò táwọn èèyàn sábà máa ń fi wà níbẹ̀ kì í ju ìṣẹ́jú mẹ́fà lọ. Àgbà tó fúnra ẹ̀ forúkọ sílẹ̀ nìyẹn o, ká má tíì sọ ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì. Ẹ mú ohun kan ṣoṣo, ẹ sọ ọ́ ní ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ sinmi. Tẹ́ ẹ bá ṣì í sọ, ẹ tún un sọ nínú fídíò kan náà bí ẹ ṣe máa ṣe ní kíláàsì, kò pọn dandan kẹ́ ẹ tún un ká láti ìbẹ̀rẹ̀, orí àtúnká yẹn gan-an ni òru ń bá lọ. Tí ẹlòmíì bá sì ti ṣe èyí tó dáa lórí ẹ̀kọ́ náà, ẹ lò ó. Àwọn kan á sọ pé ohùn tíṣà tiwọn làwọn ọmọ fẹ́ gbọ́, ó lóòótọ́ díẹ̀ nínú, mi ò rò pé ó tó ohun téèyàn ń tìtorí ẹ̀ ṣàìsùn.

Ọ̀rọ̀ ọmọ tó ní ẹ ò kọ́ òun mọ́, mo mọ̀ pé ó dùn yín. Ẹ má bínú sí i, ohun tó rí ló sọ. Ní 2019, Louis Deslauriers àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Harvard ṣe ìwádìí kan ní kíláàsì físíìsì: àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n ṣiṣẹ́ fúnra wọn kọ́ nǹkan ju àwọn tó jókòó gbọ́ lẹ́kíṣọ̀ tó já geere lọ, àmọ́ nígbà tí wọ́n bi wọ́n, àwọn náà ló sọ pé àwọn ò kọ́ tó. Àlàyé tó já geere máa ń jẹ́ kó dà bíi pé ó ti yé èèyàn, iṣẹ́ tó le máa ń jẹ́ kéèyàn mọ ibi tí ò yé e. Ẹ sọ èyí fáwọn ọmọ ní gbangba, kẹ́ ẹ sì kọ lẹ́tà kúkúrú sáwọn òbí kí ọ̀rọ̀ tó dé ọ́fíìsì ọ̀gá: ohun tẹ́ ẹ̀ ń ṣe, ìdí tẹ́ ẹ fi ń ṣe é, ọjọ́ tó máa parí. Ọjọ́ tó máa parí yẹn ló máa ń fi òbí lọ́kàn balẹ̀ jù.

Ó ku sùpáfáísọ̀ yín tó ní kẹ́ ẹ fi hàn pé ó dáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ibí ni mo ti fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀, torí ibẹ̀ ni próójẹ́ẹ̀tì yín ti lè rì. Kí ni ìwádìí sọ? Lórí kíkọ́ni tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣiṣẹ́, ẹ̀rí pọ̀: Scott Freeman àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ kó ìwádìí 225 jọ ní 2014 láti kíláàsì sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò ní yunifásítì, níbi tí wọ́n ti ń gbọ́ lẹ́kíṣọ̀ lásán, 33.8 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń fẹ́èlì, níbi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, 21.8. Lórí flip fúnra ẹ̀ nìkan, ọ̀rọ̀ ò le tó bẹ́ẹ̀. Van Alten àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ kó ìwádìí 114 jọ ní 2019, èrè ẹ̀ wà, àmọ́ ó kéré, ó sì máa ń dáa sí i níbi tí wọ́n bá ti fi kúìsì kún un tí wọn ò sì gé àkókò kíláàsì kù. Jamie Jensen àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní 2015 wá ṣe ohun tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀, kíláàsì méjì, ọ̀kan flip, ọ̀kan kì í ṣe flip, àmọ́ iṣẹ́ kan náà làwọn méjèèjì ń ṣe, ìyàtọ̀ ò sí nínú èsì. Ní West Point, ilé ẹ̀kọ́ ológun Amẹ́ríkà, tí wọ́n ti ṣẹ́ kèké pín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sí kíláàsì, flip ran ìṣirò lọ́wọ́ fúngbà díẹ̀, kò ran ọrọ̀ ajé lọ́wọ́, nígbà tó yá èrè ti ìṣirò náà lọ, ohun tó wá kù nílẹ̀ ni pé àlàfo láàárín àwọn tó mọ̀wé dáadáa àtàwọn tó ń tiraka fẹ̀ sí i. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló ń bà mí lẹ́rù jù fún kíláàsì yín, torí àwọn tí ò ní dátà.

Ẹ wá wo tiyín. Kíláàsì méjì péré, tíṣà kan, tíṣà yẹn náà ló fẹ́ kí ọ̀kan borí. Ẹ̀ ń ṣe flip fún àwọn kan, ẹ̀ ń kọ́ àwọn yòókù bí tàtijọ́, tí àwọn flip bá wá ṣe dáadáa jù, ṣé flip ni, àbí iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe ní kíláàsì, àbí ìtara yín, àbí pé wọ́n ti mọ̀wé jù tẹ́lẹ̀, àbí pé òwúrọ̀ ni wọ́n ń ṣe ìṣirò táwọn tó kù ń ṣe é lọ́sàn-án? Ẹni tó bá máa bi yín léèrè lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ń gbèjà próójẹ́ẹ̀tì yín mọ ìbéèrè yìí lórí. Ẹ sì fi kún un pé ọmọ ń fi fídíò ránṣẹ́ sọ́rẹ̀ẹ́ ẹ̀ ní kíláàsì kejì, ẹ ò lè dá a dúró.

Ohun tí mo máa ṣe ká ní èmi ni yín: màá mú ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo, bí ìdá yẹn, ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta, màá ṣe flip fún kíláàsì kìíní, kíláàsì kejì á ṣe iṣẹ́ kan náà ní kíláàsì àmọ́ èmi ni màá ṣàlàyé fún wọn níbẹ̀. Ẹ̀kọ́ tó tẹ̀ lé e, màá yí wọn padà, kíláàsì kejì á bọ́ sí flip, ti kìíní á padà sẹ́yìn. Báyẹn, kò sí ọmọ tá a fi nǹkan dù, kíláàsì tó mọ̀wé jù ò sì ní gbé gbogbo máàkì fún ọ̀nà kan. Ẹ ṣe tẹ́sìtì kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, òmíràn lẹ́yìn ẹ̀, òmíràn tún lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan táwọn ọmọ ò retí ẹ̀. Ẹ má fi máàkì ìparí nìkan wéra, ẹ wo ibi tí kálukú ti gbéra: ọmọ tó gba 40 tó wá di 70 jèrè 30 nínú 60 tó ṣẹ́ kù fún un, ìdajì nìyẹn, ọmọ tó gba 80 tó di 90 náà jèrè ìdajì ohun tó ṣẹ́ kù fún tiẹ̀. Richard Hake lo ọ̀nà yìí ní 1998 fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ físíìsì tó lé ní 6,000, kò sí sùpáfáísọ̀ tó máa ní ẹ̀ ń ṣe àdábọwọ́. Àwọn bébà kékeré tẹ́ ẹ̀ ń gbà lẹ́nu ọ̀nà sì rèé, wọ́n máa sọ fún yín ẹni tó múra wá àti ẹni tí ò múra, ọjọ́ dé ọjọ́. Ìbéèrè próójẹ́ẹ̀tì lè wá di: àwọn wo ló ń múra wá, kí ló ń dí àwọn tí ò múra lọ́wọ́, kí ló sì yí padà nígbà tí mo fi bébà àti igun kíláàsì kún un? Èyí ẹ lè dáhùn pẹ̀lú kíláàsì méjì, ẹ̀yin náà ló sì yẹ kó dáhùn ẹ̀ torí ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀.

Nǹkan kan wà tẹ́ ẹ ò mẹ́nu bà o: ṣé ẹ ti gbàṣẹ? Bí tíṣà, ẹ lè yí bẹ́ ẹ ṣe ń kọ́ni padà bó bá ṣe wù yín tí ọ̀gá ilé ìwé bá ti gbà. Bí olùwádìí, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì, ohun tẹ́ ẹ bá kó jọ kí ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ìwádìí tó buwọ́ lù ú, ẹ ò ní lè lò ó nínú ìwé yín, ó lè jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó kọjá yìí ò ní wọ inú ẹ̀ rárá. Ẹ lọ béèrè kíákíá. Ìwé ìyọ̀ǹda àwọn òbí, kí ẹlòmíì gbà á fún yín, kó sì tọ́jú ẹ̀ títí ẹ máa fi kọ máàkì sílẹ̀, torí ọmọ wo ló máa sọ pé òun ò ṣe fún tíṣà tó máa máàkì òun? Ọmọ tó bá ní ẹ má lo tòun, á ṣì máa kẹ́kọ̀ọ́ pẹ̀lú àwọn yòókù, ẹ kàn máa yọ ohun tẹ́ ẹ kó jọ lórí ẹ̀ kúrò ni.

Kẹ́ ẹ wá tọ́píìkì míì, ó ṣeé ṣe, mi ò ní pe ẹni tó bá ṣe é ní ọ̀lẹ. Tó bá jẹ́ pé ìlera yín ti ń mì, tàbí oṣù tó kù kí ẹ fi ìwé sílẹ̀ ò tó fún àṣẹ tuntun, ẹ ṣe é. Àmọ́ tọ́píìkì tuntun náà á gba ìwé kíkà tuntun, ẹ̀yin náà lẹ máa kà á, òru kan náà ló sì máa bá lọ. Kẹ́ ẹ máa bá bó ṣe wà lọ títí táámù á fi parí, èyí ni mi ò fara mọ́ rárá. Mi ò tíì dé kíláàsì yín, mi ò mọ bí sùpáfáísọ̀ yín ṣe rí, àwọn kan wà tó jẹ́ pé tí ò bá ti sí flip borí tàtijọ́ lójú ìwé àkọ́kọ́, wọn ò ní kà á. Tó bá jẹ́ irú wọn ni, ẹ má bá wọn jiyàn lẹ́nu. Ẹ kọ ojú ìwé kan: ẹ̀kọ́ méjì, kíláàsì méjì tó máa pààrọ̀ ara wọn, tẹ́sìtì mẹ́ta, bébà ẹnu ọ̀nà, kẹ́ ẹ fi ìwádìí Jensen tì í lẹ́yìn, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ nínú ímeèlì kí wọ́n lè fèsì síbẹ̀ ní kíkọ. Wọ́n á rí ìwéra tí wọ́n ń wá nínú ẹ̀. Kó tó dìgbà yẹn, ẹ má ṣe fídíò kankan lọ́sẹ̀ yìí, ẹ lọ parí asáínmẹ́ǹtì yín.